Sáà Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Màmá Mi Fọ Jẹ́sì

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mò ń tẹ̀lé ní Ìbà kò mọ nǹkan kan ṣe níwọ̀nba. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í borí, wọn á máa borí ṣáá títí ẹ̀rù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù, wọn á gbájú mọ́ ọn bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí nìyẹn. Kò sí pé lọ́sẹ̀ yìí wọ́n borí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n pàdánù, kí ọkàn èèyàn lè mọ ibi tí yóò fìdí lé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ ọkùnrin tó ń pe fóònù láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún odindi oṣù kan, tí yóò wá pa fóònù rẹ̀ lóṣù kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní kí n já a jù sílẹ̀. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta á dé, aago mẹ́rin á kù díẹ̀, ẹsẹ̀ mi á ti wọ bàtà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí àwọn tí kò yé máa ń rò pé bọ́ọ̀lù nìkan ni. Nígbà tí mò ń sọ yìí, mo ti jáde ní yunifásítì, mo ti sin ìlú tán, mo sì ti padà sílé màmá mi ní Ìbà láti máa wá iṣẹ́. Ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ rí á mọ̀ pé ọjọ́ Ajé kò yàtọ̀ sí ọjọ́ Ẹtì. O jí, o wo fóònù, kò sẹ́ni tó pè, o gbálẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ní ojú tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀ tí yóò ní ìparí, tí rẹfirí yóò fun fèrè sí, tí gbogbo wa yóò mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára. Kò sí ohun mìíràn nínú ayé mi nígbà náà tó ní ìparí. Mo rò pé ohun tó mú mi mọ́ra nìyẹn ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí n máa ro nǹkan jù.

Ìdí kejì ni pé àbúrò màmá mi ni kóòṣì. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Táyà ló ń lẹ ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Okokomáíkò, òun ló sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ látìgbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ ọlọ́kadà, akẹ́kọ̀ọ́, oníṣẹ́ ọwọ́, àti sójà kan láti bárékè Ọ̀jọ́ tó jẹ́ aṣọ́lé wa, ìyẹn gólí. A wà nínú ìdíje àdúgbò tó ní ìpele méjì, ẹgbẹ́ tó bá sì gbẹ́yìn nínú ìpele kìíní á já sí ìpele kejì. Lọ́dún tó ṣáájú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Nítorí náà, kí sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò pe Bọ̀ọ̀dá jókòó. Ẹni tó ṣáájú wọn ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì sọ ọ́ láìlọ́ ọ́ pọ̀: "Kóòṣì, bí a bá já lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì la máa gbé ẹgbẹ́ yìí fún. Má bínú o."

Bọ̀ọ̀dá ní, "Kò sí wàhálà." Lábẹ́ àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń wa ilẹ̀.

Mo wà ńbẹ̀, mo sì rí ẹsẹ̀ náà. Bọ̀ọ̀dá kò níyàwó nígbà náà, kò sì ní ohun kan tó ń fi yangàn ju ẹgbẹ́ yẹn lọ. Bí oníbàárà bá gbé táyà tó ti jò wá, kó tó tú u, á ti sọ fún un nípa wíńgà tuntun tí a rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti jẹ́sì wa wàyí. Funfun ni. Ìjọ aláṣọ funfun ni màmá mi àti Bọ̀ọ̀dá ń lọ, Bọ̀ọ̀dá sì gbà pé aṣọ ìṣẹ́gun ni aṣọ funfun. Màmá mi ló ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ náà nínú pálọ̀ wa, òun náà ló sì ń fọ jẹ́sì. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì gánámọ́sgò, wọ́n á gbé e wá sílé wa. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màmá mi á fọ̀ ọ́, á fi búlúù sí omi ìkẹyìn, á sá a. Aṣọ funfun kì í gbé ọwọ́ màmá mi kó má tàn.

A fi àdánù bẹ̀rẹ̀ sáà. A pàdánù nílé, a pàdánù ní Okokomáíkò, a tún padà wá sílé wá pàdánù bíi pé a gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tiransifọ́má àdúgbò wa bú gbàmù. Kò síná, bọhóòlù kò lè fa omi, omi tí a ń rà lọ́wọ́ ọlọ́mi kò ju èyí tí a ó mu tí a ó sì fi sebẹ̀ lọ. Báàgì jẹ́sì wà ní kọ́ríndọ̀ wa lódindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí bárékè, níbi tí a ti fẹ́ bá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ sójà gbá.

Kì í rọrùn láti jẹ́ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ àlejò nínú bárékè. Sájẹ́ǹtì ti kìlọ̀ fún wa lẹ́nu géètì pé ká má bú rẹfirí, torí ọ̀gá sójà ni, ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, a ń rọra pariwo. Bí ìbínú bá gbé mi, mo máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ́fúsáìdì kọ́ nìyẹn, sà." A sì borí! Ayò mẹ́ta sí òdo. Wíńgà wa ọlọ́kadà gbá méjì wọlé. Lẹ́yìn fèrè, ó bọ́ jẹ́sì rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fà á jìnnà sí imú, ojú rẹ̀ sì là.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí nǹkan? A ò fọ̀ ọ́!"

Aṣọ́lé wa ní, "A ò fọ kí ni?"

"Jẹ́sì! Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, à ń jẹyà. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí a ò fọ̀ ọ́, ayò mẹ́ta!"

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí Bọ̀ọ̀dá tó ń wo jẹ́sì náà, bí mo ṣe máa ń wo fóònù mi bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè. Nígbà tó gbé báàgì délé wa, wọ́n ti tún tiransifọ́má ṣe, omi sì ti dé, síbẹ̀ ó sọ fún màmá mi pé kó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yẹn. A tún borí. Ó ní kó fi sílẹ̀. A tún borí. Bó ṣe di òfin nìyẹn.

Àkókò yẹn dùn, mi ò ní purọ́. Bí mo bá ń kọjá ní títì Ìbà, àwọn tí mi ò mọ̀ á máa kí mi torí pé wọ́n ti rí mi lójú pápá. Àwọn ọlọ́kadà a máa ké sí mi pé "Àǹtí Yunifásítì, Àbámẹ́ta ńkọ́?" Mo ń kọ̀wé ìwáṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Mo gbà pé bí ẹgbẹ́ wa bá lè borí ẹgbẹ́ bárékè nínú bárékè, ó yẹ kí ẹnì kan gbà mí síṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn nǹkan méjèèjì kò tan mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn, mi ò sì lè sọ fún ara mi pé kó má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ náà ní ẹ̀rù nínú. Bí a bá ti borí, mo máa ń rò ó pé èyí tó kàn ńkọ́? Bí ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ tó kún dẹ́nu ni mo ṣe ń rìn káàkiri.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò dùn mọ́ nínú ni màmá mi. Báàgì náà ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Òógùn ọkùnrin mọ́kànlá, ẹrẹ̀ pápá Ìbà, oòrùn ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú gánámọ́sgò tí wọ́n fa síìpù rẹ̀ pa. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí Bọ̀ọ̀dá wá jẹun, màmá mi dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fara dà á. Ìdíje ni."

"Aṣọ funfun! Aṣọ funfun lo sọ di aṣọ mẹkáníìkì yìí. Èmi tí mò ń rán sùtánà fún gbogbo ìjọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé inú ilé mi nirú èyí wà ńkọ́?"

"Wọn ò ní gbọ́."

"Ṣé ìwọ ò nímú ni? Wọ́n á gbóòórùn ẹ̀!"

Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀. Màmá mi ló tọ́ ọ láti kékeré nígbà tí ìyá wọn kú ní Ìlaró, ó sì mọ ibi tí wọ́n ń mú un. "Wọ́n á gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká parí sáà yìí ná." Màmá mi wò ó títí, ó pòṣé, ó bu oúnjẹ fún un. Báàgì náà dúró.

Ó dúró títí di ọjọ́ Ẹtì kan tí oníbàárà kan wá gba sùtánà ìdúpẹ́ rẹ̀. Obìnrin ńlá ni nínú ìjọ. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ àga, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyá aránṣọ, ẹ má bínú o. Ṣé ewúrẹ́ kan ò kú síbí báyìí?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó ní eku ni. Ó sin obìnrin náà dé ẹnu géètì. Bó ṣe padà wọlé báyìí, ó kọjá sí kọ́ríndọ̀, ó sì fa síìpù. Mo sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Màmá, ẹ má fọ̀ ọ́ o."

"Ta ló ní kí n má fọ̀ ọ́?"

"Kóòṣì."

"Èmi ni mo tọ́ Kóòṣì. Kúrò lọ́nà."

Mo kúrò lọ́nà. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́ títí omi fi dúdú, ó da omi náà nù, ó tún un fọ̀. Ó fi búlúù sí i. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ yìí ì bá má dà bó ṣe dà. Ṣùgbọ́n inú ń bí i, ìtìjú ewúrẹ́ náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ṣe é bó ṣe máa ń ṣe sùtánà ọdún Àjíǹde. Ó po sítáàṣì tó ki dáadáa, ó ri gbogbo jẹ́sì bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó lọ̀ wọ́n, ó fa ìlà sí apá wọn. Jẹ́sì kọ̀ọ̀kan le gbagidi débi pé wọ́n lè dá dúró lórí tábìlì. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó dún bíi bébà.

Èmi ló rán ní ọjọ́ kejì. Ní pápá Okokomáíkò, lẹ́bàá títì, mo gbé wọn lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́. Ó kàn ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìlà apá wọn. Wíńgà ọlọ́kadà ni kò lè pa á mọ́ra.

"Àǹtí Yunifásítì, kí lèyí? Ṣé ìrìbọmi la fẹ́ lọ ṣe ni?"

"Màmá ló fọ̀ ọ́."

"Wọ́n fọ̀ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ògiri ni wọ́n mọ, wọn ò fọ aṣọ! Ẹ wò ó, mi ò lè ká apá mi!"

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, sítáàṣì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Jẹ́sì tó le bíi pákó tẹ́lẹ̀ wá ń lẹ̀ mọ́ wọn lára bíi ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n ń họra. Wíńgà wa fẹ́ fi àyà gba bọ́ọ̀lù, ó họ àyà rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Ayò mẹ́rin sí òdo ni wọ́n nà wá. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kejì kan ń bi wá pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ akọrin wa kò gbé agogo dání.

Ohun kan wà tí ẹnì kankan kò mẹ́nu bà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n ti gbé sójà tó ń ṣọ́ ilé fún wa lọ sí bárékè mìíràn lókè ọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní Ìbà ló rọ́pò rẹ̀, ọmọ dáadáa, àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ó máa ń dijú. Mo rò pé gbogbo wa ló rí i. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà, jẹ́sì nìkan ni gbogbo wa ń sọ. Sájẹ́ǹtì ní wọ́n ti fi ọṣẹ fọ oríire wa dànù. Bọ̀ọ̀dá sì sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe mí báyìí."

Nígbà tí mo gbọ́ ọ, nǹkan kan já nínú mi. Kì í ṣe ìbínú tán, kì í sì í ṣe ìbànújẹ́. Ó dà bí ìgbà tí àwọn méjì tí o fẹ́ràn bá ń jà, tí ìwọ wá ń dúró bí ẹni tó gbé ẹrù àwọn méjèèjì. Mi ò sọ fún màmá mi. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Ajé nípasẹ̀ oníbàárà. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fi oúnjẹ ọ̀sán rán mi sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá mọ́. Nígbà tí mo béèrè, ó ní, "Kó lọ máa jẹ jẹ́sì."

Báàgì náà kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà. Ìdọ̀tí padà, ó tún gba gírísì kún un, síbẹ̀ a kò borí. A pàdánù débi pé àwọn ọlọ́kadà kì í kí mi mọ́, wọ́n kàn máa ń mi orí sí mi bíi pé mo ṣòfò. Láàárín ìgbà náà ni ilé ìwé aládàáni kan ní Ọ̀jọ́ gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò sì lè yọ̀ tán, torí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ń bọ̀. Mo ti wá mọ̀ pé ìyẹn kò dáa. Lọ́jọ́ kan, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, aṣọ́lé wa ti lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni wàhálà wà."

"Aṣọ́lé kọ́."

"Jẹ́sì ti dọ̀tí padà. Kí ló dé tí a ò borí?"

Ó gbé táyà sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi. "Ìdọ̀tí yẹn kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí tuntun ni."

Mo kí i, mo gba ilé lọ.

Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ti wá sórí pé bí a bá borí, a ó dúró sí ìpele kìíní. Bí a bá pàdánù tàbí tí a ta ọ̀mì, a ti já nìyẹn, ẹgbẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó wọlé wá bá màmá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́."

Màmá mi yí aṣọ náà padà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Ẹnu mi ló yá."

"Kì í ṣe ẹnu rẹ ló yá. Ìlù tí wọ́n ń lù fún ọ lo jó sí." Ó já òwú. "Kí lo wá fẹ́? Kí n má fọ̀ ọ́ ni, àbí kí n fọ̀ ọ́?"

Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè láti ilẹ̀. Mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. "Ìdajì wọn ní ká fọ̀ ọ́. Ìdajì ní ká má fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dìjà. Wíńgà mi ò bá ẹni tó wà lápá ọ̀tún sọ̀rọ̀ mọ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ wá dúró. "Dìde. Èmi ò ní fọ̀ ọ́. Sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n wá síbí láàárọ̀ ọ̀la. Kálukú ló máa fọ tirẹ̀. Bí oríire bá wà níbẹ̀, kálukú á mọ ẹni tó fọ tirẹ̀ dànù."

Wọ́n wá. Ìran ńlá ni lẹ́yìnkùlé wa láàárọ̀ yẹn. Àwọn ọkùnrin tó tóbi tó báyìí jókòó lórí àpótí àti búlọ́ọ̀kù, abọ́ omi níwájú oníkálukú, màmá mi sì káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn láàárín wọn bíi tíṣà.

"Ìwọ, ṣé ọmọ lò ń rẹ̀ ni? Fi agbára sí i!"

"Màmá, ọwọ́ mi ti bó."

"Ọwọ́ tó ń di ọ̀kadà mú láti àárọ̀ dalẹ́? Lábẹ́ apá, mo ní lábẹ́ apá ni kó o fọ̀!"

Láìpẹ́, àwọn tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá ara wọn ní ọṣẹ. Nígbà tó yá, màmá mi dúró, ó bojú wo gbogbo wọn, ó ní, "Sítáàṣì ńkọ́?"

"Rárá o, Màmá!" Gbogbo wọn ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, Bọ̀ọ̀dá ló sì pariwo jù. Ìgbà yẹn ni màmá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi tẹ̀lé wa lọ sí pápá Ìbà. Kò wá rí. Ó jókòó lórí àga tó gbé láti ilé, ó ń bi mí pé àwọn wo ni tiwa, bíi pé kò mọ aṣọ funfun. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹgbẹ́ wa kò gbá bọ́ọ̀lù tó dáa tó báyẹn rí. Bọ́ọ̀lù ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn bíi pé wọ́n so òkùn mọ́ ọn. A gbá ọ̀kan wọlé, wọ́n dá a padà. Wọ́n gba pẹnáritì sí wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣọ́ ilé dijú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù sì bá a lápá, ó jáde. Mo dì mọ́ Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì dì mọ́ mi. Mo ń rò ó pé, tí a bá já, mi ò ní wá mọ́, tí a ò bá sì já, mi ò ní lè fara da sáà mìíràn. Méjèèjì ni mo rò lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì ni mo sì gbà gbọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fun fèrè, wíńgà wa fo sókè, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé wọn ti ṣubú. Gbogbo wa ti dìde. Bọ́ọ̀lù náà lu igi òkè, igi náà gbọ̀n, bọ́ọ̀lù sì fò kọjá lókè àwọ̀n, ó bọ́ síta. Kí wọ́n tó lọ gbé e wá, rẹfirí ti fun fèrè ìparí. Ọ̀mì. Ọ̀kan sí ọ̀kan. A ti já.

Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba jẹ́sì. Mo retí i, n kò gbọ́ ọ. Sájẹ́ǹtì àti àwọn àgbà kó ara wọn jọ sábẹ́ igi, wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá. Kò pẹ́. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní, "Kò sí wàhálà." Ó rìn wá bá wa, ó ká àga màmá mi, ó gbé e lé èjìká. Màmá mi ló ṣáájú wa délé. Nígbà tó bu oúnjẹ fún un, ẹran tó fi sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Bọ̀ọ̀dá sì jẹ ẹ́ tán.

Ó ní òun kò ní débi bọ́ọ̀lù mọ́. Fún oṣù púpọ̀, òótọ́ ni. Bí oníbàárà bá béèrè, á ní táyà lòun mọ̀. Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kejì, kóòṣì tuntun dé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣọ́ ilé ti ń la ojú rẹ̀ nígbà míràn. Wọ́n borí, wọ́n tún borí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kẹta, mò ń wọ bàtà mi nígbà tí Bọ̀ọ̀dá yọjú sí ẹnu ọ̀nà wa.

"Ṣé ò ń lọ?"

"Mò ń lọ."

"Ọ̀nà mi náà gba ibẹ̀." Kò sọ ibi tó ń lọ. Mi ò bi í.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá láàárín àwa tí a kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó lérò pé á rọrùn. Kí wọ́n tó lọ sinmi, wọ́n ti nà wá ní ayò méjì, gbogbo wa sì ti mọ ohun tó ń bọ̀, torí a mọ ẹgbẹ́ wa. Bọ̀ọ̀dá kò lè dúró sójú kan. Ó ń jẹ èékánná. Ó ń sọ fún wíńgà pé kó wá sínú, wíńgà kò gbọ́. Ó na ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ fun fèrè, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé báyìí ló ṣe máa ń ṣe ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"O ò sì sọ fún mi."

Mo sọ fún un pé mo ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, pé mo tilẹ̀ ti ṣàlàyé ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ mi mọ́. Wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù sí apá òsì, ó ti sáré dé etí ìlà funfun, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ké sí rẹfirí, ẹnì kan lẹ́yìn wa sì ń pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó jàre, ẹ ò jẹ́ ká ríran!"